Òpó Tí Gbogbo Ìdí-Apá Kọ Ilà Sí

Akínwándé, àbúrò mi, mọ igi ju bó ṣe mọ ènìyàn lọ. Bó bá fi èékánná kan igi apá lẹ́ẹ̀mejì péré, yóò sọ ibi tí kòkòrò ti jẹ ẹ́ nínú fún ọ. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn dúró níwájú rẹ̀ kó máa fi ẹ̀rín purọ́ fún un, Akínwándé yóò máa bá a rẹ́rìn-ín ni. Èmi Títíladé ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyá kan náà, baba kan náà, n kì í sì í gba ìgbàkugbà. Nítorí náà, bí ohùn mi bá ń ròkè bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ó dé, ó sì ti pẹ́ tó ti dé.

Ilẹ̀ Ọ̀yọ́ lókè lọ́hùn-ún ni ogun ti lé wa, ìgbà tí Akínwándé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ọnà lọ́wọ́ baba wa. Baba kú sójú ọ̀nà. Inú igbó la sin wọ́n sí, a kò sì lè padà lọ wá ibẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà, ilé onílé la ti ń gbé. Ibi mẹ́ta la ti gbé kí a tó dé Ìdí-Apá, abúlé oko kan tí kò jìnnà sí Akínyẹlé, lọ́dún tí Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè. Sàníù, jagunjagun kan tó ti ogun náà bọ̀ tó ń tiro, ló fún wa ní yàrá kan lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ọkọ tèmi ti kú, ogun ti kó ìyàwó Akínwándé lọ. Àwa méjèèjì àti ìyá wa la jọ há sínú yàrá kan yẹn.

Ìyá wa gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ojú wọn ti fọ́, agbára wọn ń tán lọ, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń tọrọ lọ́wọ́ wa. "Ẹ má sin mí sí ilé onílé," ni wọ́n máa ń wí. "Baba yín wà nínú igbó. Ẹ jẹ́ kí èmi sùn sínú ilé ọmọ mi." Ẹ̀yin náà mọ̀ pé inú ilé là ń sin àgbà sí. Ẹni tí kò nílé, níbo ni yóò sin ìyá rẹ̀ sí? Láràárọ̀ ni wọ́n ń bi Akínwándé pé, "Ilẹ̀ náà ńkọ́?" Akínwándé á ní, "Ó kù díẹ̀, Ìyá." Irọ́ ni. Kò sí ilẹ̀ kankan níbì kankan.

Baálẹ̀ Ìdí-Apá nígbà náà ni Ọládòṣù. Ẹ má bínú pé n kò pè é ní "wọ́n" bó ṣe yẹ kí n pe Baálẹ̀. Mo pè é ní "wọ́n" títí, ó sú mi. Ọ̀wọ̀ tó wà lọ́wọ́ mi ti tán. Abúlé tó wà lódìkejì odò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òpó tuntun, tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára, sínú àtíbàbà ọjà wọn, níbi tí àwọn àgbà ń jókòó dájọ́. Láti ọjọ́ tí Ọládòṣù ti fojú kan òpó yẹn ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ó ránṣẹ́ pe Akínwándé.

"Gbẹ́ òpó kan fún wa tí yóò ju tiwọn lọ," ló wí. "Gbẹ́ jagunjagun kan sórí ẹṣin, kó dà bí èmi. Kí obìnrin kan tó gbọ́mọ pọ̀n kúnlẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Àtíbàbà ọjà ni yóò wà, ti gbogbo ìlú sì ni. Ọjọ́ tí gbogbo ìlú bá ní ó dára, ọjọ́ náà ni n óò wọn ilẹ̀ etí odò fún ọ, kí o kọ́lé sí i."

Ẹ gbọ́ o! Gbogbo ìlú! Ìlú tí kò lè fohùn ṣọ̀kan lórí ọjọ́ tí wọn óò gbálẹ̀ ọjà! Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Akínwándé sọ ọ́ fún ìyá wa, wọ́n rẹ́rìn-ín. N kò tíì rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn láti ìgbà tí a ti fi baba sílẹ̀ nínú igbó.

Baba wa, nígbà ayé wọn, ibi kọ́lọ́fín ni wọ́n ti ń gbẹ́ ọnà. Màrìwò ni wọ́n fi ń bo iṣẹ́ náà títí yóò fi parí, ẹnikẹ́ni kì í yọjú sí i. Akínwándé ní kí òun náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọládòṣù ní rárá, òpó gbogbo ìlú ni, ojú gbogbo ìlú ni kó ti gbẹ́ ẹ. Ó ní ẹni tó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè máa sọ fún un. Bí wọ́n ṣe gbé igi náà sábẹ́ igi apá létí ọjà nìyẹn. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń gbé àpótí wá jókòó. Ẹni tí kò lè gbẹ́ orógùn ń kọ́ àbúrò mi bí wọ́n ṣe ń di àáké mú!

Ẹṣin ni wọ́n kọ́kọ́ bá jà. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ère jagunjagun rí mọ̀ pé ènìyàn ló máa ń tóbi, ẹṣin á kéré, orí ènìyàn náà á sì tóbi ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bí àwọn baba wa ṣe ń gbẹ́ ẹ nìyẹn. Ọládòṣù yí igi náà po lẹ́ẹ̀mẹta, ojú rẹ̀ sì korò.

"Akínwándé, kí ni mo gùn yìí? Ṣé ajá ni?"

"Ẹṣin ni, Baba. Ènìyàn ni iṣẹ́ náà dá lé, ẹṣin kàn gbé e ni."

"Ẹṣin mi kò lè kéré báyìí. Mú un tóbi sí i."

Ẹṣin mi, ẹ gbọ́! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Ọládòṣù gun ẹṣin rí láyé rẹ̀, n'Ìbàdàn, níwájú ilé ìjòyè kan, ẹṣin náà sì jù ú sínú kòtò ìdọ̀tí. Wọ́n ní bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni. Ẹṣin dá Ọládòṣù, kò sì tún dé ìtòsí ẹṣin mọ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n igi kì í hù padà. Ohun tí àáké bá ti gé ti lọ nìyẹn. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹṣin fi lè tóbi ni kí ọkùnrin orí rẹ̀ kéré. Akínwándé gbẹ́ ọkùnrin náà kéré títí ó fi dà bíi pé wọ́n gbé ọmọ ọwọ́ sórí ẹṣin. Inú Ọládòṣù dùn sí ẹṣin náà fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, kí ó tó ṣàkíyèsí pé òun ni àwọn ènìyàn ń fi rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Jacob dé. Jacob yìí, ó ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ó lo oṣù mẹ́jọ lọ́dọ̀ àwọn oníwàásù n'Ìbàdàn, ó padà dé pẹ̀lú orúkọ tuntun, ṣòkòtò tó fún un lẹ́sẹ̀, àti ìwé kan tó máa ń há sí abíyá. Ó wo obìnrin tó kúnlẹ̀ nísàlẹ̀ òpó, ó yára fi ọwọ́ bojú. Ṣùgbọ́n mo rí i dáadáa pé àárín ìka rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

"Ọmú rẹ̀ wà níta!" ló kígbe. "Níwájú gbogbo ènìyàn!"

Mo ní, "Abiyamọ ni, Jacob. Kí ni ìyá tìrẹ fi wò ọ́ dàgbà, omi ẹ̀kọ?"

Ó ní ìmọ́lẹ̀ ti dé, pé bí wọn kò bá fi aṣọ bò ó, òun àti ilé òun kò ní sọ pé ó dára. Akínwándé wo ojú mi. Mo mọ ohun tó ń rò: ilé kan kò gbọdọ̀ yọ nínú gbogbo ìlú. Kò síbi tí yóò ti rí igi gbẹ́ aṣọ, àfi kó fá ọmú náà kúrò, kó sì fín ìlà aṣọ sáyà rẹ̀. Ó fá a. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, àwọn obìnrin dúró tì í, wọ́n ń bi ara wọn pé ọkùnrin wo ló kúnlẹ̀ tó gbọ́mọ pọ̀n yìí.

Lìádì ní tirẹ̀ kò pariwo. Òun ló ń kọ́ àwọn ènìyàn ní kéú, tó sì ń kọ tírà fún àwọn tó ń lọ sógun. Ó jókòó ti Akínwándé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń yí tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

"Akínwándé, lọ́jọ́ àjíǹde, Ọlọ́run yóò ní kí o mí ẹ̀mí sínú igi tí o gbẹ́ yìí. Ṣé o lè ṣe é?"

"N kò lè ṣe é, Ààfáà."

"Ó dára. Gé orí rẹ̀ kúrò. Bí kò bá ti lórí, kì í ṣe ènìyàn mọ́, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn ẹnikẹ́ni."

Ọládòṣù tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn gbọ́ gbólóhùn ìkẹyìn. "Orí ta ni ẹ fẹ́ gé?" Ariwo ọjọ́ yẹn, ẹ jẹ́ kí n má tiẹ̀ sọ ọ́. Ibi tí wọ́n parí ẹ̀ sí ni pé kí orí wà, ṣùgbọ́n kí ojú rẹ̀ má là.

Ojú náà wá ni iṣẹ́ tó kù. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ba tiwa jẹ́.

Nínú iṣẹ́ ọnà, ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín là ń fín ilà sí ojú ère. Akínwándé dán ojú náà títí ó fi ń kọ mọ̀nà. Kí n sọ òtítọ́, n kò rí ojú tó tutù bẹ́ẹ̀ rí. Bí ẹ bá jókòó níwájú rẹ̀, ẹ óò fẹ́ kí i. Ó wá ṣe ohun tí kò yẹ kí ọlọ́gbọ́n ṣe: ó bèèrè. Ó bi wọ́n pé ilà ilé ta ni kí òun kọ sí i.

Ilé mẹ́sàn-án ló wà ní Ìdí-Apá, kò sì sí méjì tó ti ìlú kan náà wá. Ogun ló kó gbogbo wọn jọ. Ọládòṣù kọ àbàjà, ó ní ojú òun ni. Sàníù onílé wa kọ pélé. Ó ní ta ló jagun n'Ìjàyè nínú wọn, ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tiro? Òmíràn ní gọ̀ǹbọ́ ni ilà, ìyókù dà bí ibi tí adìẹ fi èékánná ha. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ilé kò kí ilé mọ́. Wọ́n fọ́ ìkòkò omi ìyàwó Lìádì sójú ọ̀nà odò. Sàníù dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, ó ní bí kò bá ti sí pélé lójú igi yẹn, kí a yáa máa wá yàrá mìíràn.

Ọládòṣù wá pe gbogbo wọn jọ, ó wú bí àkàrà inú epo. "Mo ti rí ọgbọ́n rẹ̀," ló wí. "Kí ilé kọ̀ọ̀kan mú olóòlà tirẹ̀ wá, kí kálukú kọ ilà tirẹ̀ sí i. Kò ní sí ìjà mọ́."

Wọ́n pàtẹ́wọ́! Àgbàlagbà pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn!

Akínwándé wá bá mi nídìí ààrò. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ojú kan kò lè gbé ilà ilé mẹ́sàn-án."

Mo ní, "Ojú igi ni. Gbà fún wọn. Ilẹ̀ la ń wá."

Èmi ni mo sọ ọ́. Ẹnu mi yìí náà ni. Mo ń bú Ọládòṣù, mo ń bú Jacob àti Lìádì, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá ti wí pé rárá lọ́jọ́ náà, Akínwándé ì bá gbé àáké rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ó ń dùn mí.

Àwọn olóòlà mẹ́sàn-án dé lọ́jọ́ ọjà pẹ̀lú abẹ wọn. Ẹni àkọ́kọ́ kọ tirẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹni kejì kọ tirẹ̀ kọjá lórí ti ẹni àkọ́kọ́. Ẹni kẹta bọ́ sí iwájú orí, ẹnì kan kọ ọ́ sí àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Abẹ kò ràn án mọ́, wọ́n bá gba ọ̀bẹ Akínwándé lọ́wọ́ rẹ̀. Imú fò lọ. Ẹni ìkẹyìn kò ráàyè mọ́, ó kọ ilà ilé tirẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹṣin. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ igi yìí kò sọ nǹkan kan. Àwọn ló ń sọ̀rọ̀. Akínwándé jókòó sórí gbòǹgbò, ó kẹ̀yìn sí wọn.

Ó wá ku kí gbogbo ìlú sọ pé ó dára. Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n tẹ́ òpó náà sórí rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e nàró. Ọládòṣù mú okùn tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ lọ́wọ́, ó ń pe ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀, ó wá ilà tirẹ̀, ó rí i, ó ní ó dára. Jacob ní níwọ̀n ìgbà tí obìnrin náà ti wọṣọ, ó dára. Inú Lìádì ló dùn jù. Ó ní igi náà kò lójú mọ́ rárá, nítorí náà kò sí ẹ̀ṣẹ̀, ó dára.

Mo ń wo okùn ọwọ́ Ọládòṣù, mo ń fi ojú inú wo ibi tí ààrò mi yóò wà létí odò. Ọládòṣù wá yíjú sí wa, ó fẹ́ fi ọlá han àlejò. "Ìyá Akínwándé ló dàgbà jù láàárín wa. Tiwọn ló kù. Ẹ mú wọn wá."

Mo fa ìyá wa lọ́wọ́ síbẹ̀. Aya agbẹ́gilére ni wọ́n, ọwọ́ wọn mọ igi. Wọ́n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹṣin, wọ́n ní, "Ẹṣin nìyí. Kí ló mú un tóbi tó báyìí?" Wọ́n fọwọ́ lọ sókè. Ọwọ́ wọn dé ojú náà. Ó dúró níbẹ̀. Wọ́n fi ìka wọnú ilà kan, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi wọnú òmíràn.

"Ta ló lu ọkùnrin yìí báyìí?" ni wọ́n bèèrè.

Ọládòṣù rẹ́rìn-ín. "Ilà ni, Ìyá. Ilà gbogbo ilé tó wà nílùú ni."

"Ilà kọ́ nìyí. Ọgbẹ́ ni."

"Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo ń bi yín. Gbogbo wa la ti ní ó dára. Ṣé ó dára, àbí kò dára?"

Mo fẹnu sí wọn létí. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pé ó dára. Ilẹ̀ yín ni. Inú ilé yín ni."

"Títíladé, fi ọwọ́ mi sílẹ̀." Wọ́n gbójú sókè, bí ẹni pé wọ́n ń rí gbogbo wọn. "Kò dára. Ọmọ mi kọ́ ló gbẹ́ ẹ. Ẹ̀yin lẹ gbẹ́ ẹ."

Ẹ ò bá rí Ìdí-Apá lọ́jọ́ náà! Sàníù ló kọ́kọ́ fò dìde. "Àwa náà ti ń wí!" Jacob ní òun ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òrìṣà ni. Lìádì ní ṣé òun kò sọ pé kí wọ́n gé orí rẹ̀? Ilé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tí wọ́n ti ní ó dára bẹ̀rẹ̀ sí í ní kò dára, pé ilà ilé kejì ti bo tiwọn mọ́lẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí gbogbo ìlú yẹn fohùn ṣọ̀kan. Ọládòṣù ká okùn rẹ̀. "Gbogbo ìlú ni mo wí," ló sọ fún Akínwándé. "Ṣé o ti gbọ́ gbogbo ìlú?"

Nígbà tí a délé, mo kígbe mọ́ ìyá mi. Ọlọ́run dárí jì mí, mo kígbe mọ́ wọn. Mo ní, "Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, Ìyá! Ẹyọ kan ṣoṣo!"

Wọ́n ní, "Bí mo bá fi ìtìjú ọmọ mi gba ilẹ̀, oorun wo ni n óò sùn nínú rẹ̀?"

Ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n kú. Akínwándé lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ọládòṣù, pé kó fún òun ní ìwọ̀n ilẹ̀ tí ènìyàn kan lè sùn sí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọládòṣù ní àlejò kì í ní ilẹ̀. Ẹ̀yìn ilé Sàníù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, la sin ìyá wa sí. Sàníù kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó gbà wá láàyè, ó sì bá wa gbẹ́ ilẹ̀ náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń tiro. Ṣùgbọ́n ilé onílé ni. Kí oṣù tó yí, a ti kó lọ sí Akínyẹlé. Nígbà tí a padà wá wo ojú oórì náà, Sàníù ti kan èèkàn síbẹ̀, ó so ewúrẹ́ mẹ́ta mọ́ ọn.

Akínwándé kò gbẹ́ ojú ènìyàn mọ́ láti ìgbà náà. Odó ló ń gbẹ́. Odó kò ní ilà, ẹnikẹ́ni kò sì bi í pé ọmọ ilé ta ni odó. Èmi ni mo ń rù ú lọ tà.

Lọ́dún kẹta, mo ru odó kọjá lọ́jà Ìdí-Apá. Wọ́n ti gbé òpó náà nàró nígbà náà, torí òjò ti fẹ́ wó àtíbàbà, kò sì sí igi mìíràn tó gùn tó o. Ọládòṣù dúró tì í pẹ̀lú àwọn àlejò kan láti Ìbàdàn. Àwọn àlejò náà ń fọwọ́ kan ilà ojú rẹ̀, wọ́n ní àwọn kò rí irú èyí rí, wọ́n ní iṣẹ́ ńlá ni. Ọládòṣù ń tò ó fún wọn, pé tòun nìyí, ti Sàníù nìyí, pé ìlú òun fẹ́ràn ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi jọ wà lójú kan.

"Ta ló gbẹ́ ẹ?" ni àlejò kan bèèrè.

"Akínwándé ni. Ọmọ onílẹ̀ níbí," ni Ọládòṣù dáhùn, kò tiẹ̀ ṣẹ́jú. "Ọmọ wa ni. Àní ìyá rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ wa yìí."

Mo sọ odó kalẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí àwọn àlejò náà dáadáa.

"Òótọ́ ni Baálẹ̀ sọ fún yín," ni mo wí. "Ìyá wa wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọn, ẹ̀yìn ilé Sàníù ni. Ẹ rọra tẹlẹ̀, imí ewúrẹ́ pọ̀ lórí wọn."